Ọjọ́ Orí Mẹ́ta fún Ìyá Kan

Ọdún 1994 ni Ìyá Àgbà wa kú sí ilé wa ní Ọ̀jọ́. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà. Ìgbà tó di pé ká tẹ ìwé ìpè fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni ilé dàrú. Onítẹ̀wé ní Òkòkòmáíkò ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí a bá sọ iye ọdún tí ìyá lò láyé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Àgbà, ní kí ó kọ 98. Bàbá mi ní 85 ti tó, kí a má fi irọ́ ṣe fìdáù ìyá àwọn. Mọ̀lẹ́bí kan láti Ìbà tilẹ̀ dá a lábàá pé kí a kúkú fi méjì lé e kó di ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò lọ kà á? Àǹtí Àgbà ló borí, nítorí àwọn ló sanwó ìwé. 98 ló wà lára ògiri títí dé Ìyànà-Ìbà.

Èmi dákẹ́ ní tèmi. Mo mọ ohun tó wà nínú àpótí páànù Ìyá Àgbà, torí láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni mo ti ń ka lẹ́tà fún wọn, tí mo sì ń bá wọn kọ èsì. Lábẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní Mẹ́kà, pásípọ́ọ̀tù kan wà níbẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1931 ni a bí wọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 63 ni ìyá wa lò. Ìwé iṣẹ́ ìjọba Àǹtí Àgbà ẹ̀wẹ̀ ní 1938 ni a bí wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: lójú ìwé, ọdún méje ni ìyá fi ju ọmọ tó bí lọ. Ìjọba kan náà ló gba méjèèjì wọlé, òǹtẹ̀ sì wà lára méjèèjì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí 1931 yẹn wáyé. Ọdún 1978 ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìyá Àgbà fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ẹni tó ń bá wọn ṣètò ìrìn àjò sì sọ pé kò sí pásípọ́ọ̀tù láìsí ìwé ọjọ́ orí. Bùrọ̀dá kan nínú ẹbí mú wa lọ sí kọ́ọ̀tù kan, èmi ni mo gbé báàgì. Inú kọ́ọ̀tù kọ́ ni iṣẹ́ gan-an wà. Abẹ́ igi ló wà, níbi tí àwọn onítáípù tò sí pẹ̀lú tábìlì kékeré. Ọ̀kan nínú wọn bi Ìyá Àgbà pé, "Màmá, ẹ tó ọmọ ọdún mélòó?" Ìyá Àgbà ní, "Ṣebí ìwọ náà ń wò mí." Ọkùnrin náà wò wọ́n lóòótọ́. Ara Ìyá Àgbà ṣì ń dán nígbà náà, wọ́n lé tìróò, gèlè wọn sì jẹ́ tuntun. Onítáípù gbójú sókè, ó fi ìka ṣírò nǹkan, ó sì tẹ 1931. Oṣù àti ọjọ́ ńkọ́? Ó ní January 1 ló rọrùn jù.

Ó ku ẹni tí yóò búra. Ẹni tí a ń wá ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ ló ń búra fúnra rẹ̀. Àgbà ẹbí tó ti wà láyé nígbà tí a bí i ló yẹ kó jáde wá sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti kú tán nílé wa. Ni Bùrọ̀dá bá bọ́ síwájú, ó gbá Kùránì mú, ó búra. Bóyá ló tó ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ọmọ tí Ìyá Àgbà pọ̀n dàgbà ló búra pé òun mọ ọjọ́ tí a bí Ìyá Àgbà. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú mólùé, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi ìṣẹ́tí ìborùn nu ojú. Wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá mi."

Bí obìnrin tó pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní ìwé ìbí, omi ló fà á. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Wọ́n ṣòfin àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ní 1863, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1867 ní erékùṣù Èkó nìkan. Ó di 1892 kí ó tó sọdá omi dé Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Tiwa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, apá Àgbádárìgì ni a wà, níbi tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ẹja àti àgbọn ti ń gbọ́ bùkátà ènìyàn, akọ̀wé ìbí kò sì ní ohun tó ń wá débẹ̀. Òfin tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo Nàìjíríà, ọdún 1979 ló jáde, Dìkírì 39. Ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà ti ń lọ sílé ìwé nígbà yẹn. Dìkírì 69 ti 1992 ló wá gbé iṣẹ́ náà lé àjọ ìkànìyàn lọ́wọ́, ó ku ọdún méjì kí Ìyá Àgbà jáde láyé.

Ohun kan máa ń dùn mí tí mo bá ro ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì kó lọ sí Freetown, ìwé wọn wà. Wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, wọ́n kọ ọjọ́ orí tí wọ́n fojú díwọ̀n, wọ́n wọn gíga wọn, wọ́n sì kọ ilà tó wà lára wọn. Àjàyí tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 1822 ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. A mọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ Freetown, a kò mọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i ní Òṣogùn. Ẹni tí a jí gbé ní ìwé. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ kò ní nǹkan kan.

Ti bàbá mi tilẹ̀ tún pa mí lẹ́rìn-ín. Lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ọ̀jọ́ wà nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955. Kò sí ọmọ tó ní ìwé ìbí, nítorí náà tíṣà tò wọ́n síta, ó ní kí kálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Tí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó lọ sílé ìwé. Ti bàbá mi kàn án. Tíṣà kọ 1949 sí iwájú orúkọ wọn, ọdún náà ló sì bá wọn dé ibi iṣẹ́, dé báńkì, títí wọ́n fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Ọwọ́ àti etí ni ẹlẹ́rìí wọn, wọn kò sì nílò Kùránì.

Ìyá Àgbà ní kàlẹ́ńdà tiwọn. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ìgbà lùkúlùkú, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà." Lùkúlùkú ni àwọn àgbà ń pe àjàkálẹ̀ àrùn tí ọkọ̀ òkun tó ń jẹ́ Bida gbé wọ Èkó láti Àkrá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1918. Ìyá wọn ń ta ẹja yíyan ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí wọn sí. Wolé-wolé ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń wá aláìsàn, wọ́n ń da oògùn sí yàrá, ẹ̀rù sì ba àwọn ènìyàn ju àrùn náà lọ. Ìyá wọn kò dúró kí wolé-wolé dé tiwọn. Wọ́n gba ọ̀sà sá wá sí Ọ̀jọ́ lóru nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ja, ọmọ lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n dàgbà ni pé Ìyá Àgbà ti ń rìn nígbà náà, ìkánjú ló jẹ́ kí ìyá wọn pọ̀n wọ́n. Ọmọ tó ti ń rìn, tí ìyá ṣì lè pọ̀n sáré: ọdún kan àbọ̀, kò ní ju méjì lọ. Ìyẹn gbé wa dé ìparí 1916 tàbí inú 1917. Wọ́n lo bí ọdún 77 láyé nìyẹn. Kò tó ti Àǹtí Àgbà, kò sì kéré tó ti onítáípù.

Bó bá sì jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wọn sí, a jẹ́ pé òfin 1863 mú wọn, orúkọ wọn lè wà nínú ìwé. Ọdún tó tẹ̀lé fìdáù ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan ní Èkó. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ kò le, ó tilẹ̀ fún mi ní àga. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí màmá?" Mo ní òun gan-an ni mo wá wá. Ó ní kò burú, àmọ́ kí n kọ́kọ́ mú ọjọ́ náà wá kí òun lè mọ ìwé tí òun máa ṣí. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ tí mo ń wá. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ, ọmọ wa sì ń jẹ́ orúkọ mẹ́fà méje. Èwo ni bàbá yóò pe fún akọ̀wé, báwo ni akọ̀wé yóò sì ṣe kọ ohun tó gbọ́?

Mo mọ bí akọ̀wé ṣe ń kọ ohun tó gbọ́, torí ìwé mìíràn wà nínú àpótí. Ti Bàbá Àgbà ni. Bàbá Àgbà ti fi òrùka gbé ìyàwó kan ní Èkó ní 1929, kí wọ́n tó wá fẹ́ Ìyá Àgbà ní Ọ̀jọ́ bí àwọn baba wa ṣe ń fẹ́yàwó. Òfin ìgbéyàwó olórùka ti wà ní Èkó láti 1884. Lójú òfin yẹn, ìyàwó kan ni, ẹni tó bá fẹ́ òmíràn lé e lè rí ẹ̀wọ̀n he. Mi ò gbọ́ pé ẹnì kan tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ní Ọ̀jọ́. Olórùka kò bímọ. Nígbà tí ara kò le mọ́, Ìyá Àgbà ló lọ mú wọn wá láti Èkó, wọ́n tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú. Àpótí páànù yẹn gan-an, ti olórùka ni. Ìyàwó tí òfin kò mọ̀ ló bá ìyàwó tí òfin mọ̀ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó.

Ìwé náà ti gbó, àmọ́ ó ṣeé kà. Níbi ọjọ́ orí, wọn kò kọ nọ́ńbà, wọ́n kàn kọ ọ́ pé ọkọ àti ìyàwó ti tójú bọ́. Ó ní àyè fún iṣẹ́, fún ibùgbé, fún orúkọ bàbá àti iṣẹ́ bàbá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bàbá Bàbá Àgbà: apẹja, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Orúkọ wọn ló mú mi jókòó. Olú ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa lónìí, bẹ́ẹ̀ la sì rò pé ó wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Nínú ìwé 1929, Èṣù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan nínú wa gba ìrìbọmi, tó sì rọra fi Olú rọ́pò Èṣù. Ẹni tó bá fi Olú wá wa nínú ìwé tó ṣáájú ìgbà yẹn, àwárí kò sí. Ẹ̀yin tí orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olú àti Adé, ẹ lọ bi àwọn àgbà yín léèrè dáadáa.

Bí mo ti ń yọ̀ mọ́ ìwé yẹn tó, ohun kan ń bí mi nínú. Àyè wà nínú rẹ̀ fún bàbá ọkọ, àyè wà fún bàbá ìyàwó. Kò sí àyè fún ìyá ẹnikẹ́ni.

Olórùka tí kò bímọ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ogún tiwa dé kọ́ọ̀tù. Ilé mìíràn kò ríbi sá. Ẹjọ́ Alake àti Pratt ní 1955 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ tí bàbá bá ti gbà pé òun ló bí, ó ní ìpín nínú ogún pẹ̀lú àwọn ọmọ olórùka. Àwọn ìwé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àti ti ilẹ̀ pàápàá, ni ìwé ìran tó kún jù ní ilẹ̀ àwa Àwórì. Kí Volkswagen tó kọ́ ilé iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ wa, kí títì Àgbádárìgì tó là á já, kí LASU tó dé ní 1983, ta ló ń bi ọmọ Àwórì pé ta ni bàbá bàbá bàbá rẹ̀? Nígbà tí ilẹ̀ di owó, ẹni tí kò lọ síbi òkú ẹbí rí ń ka ìran dé ìdí keje níwájú adájọ́. Ẹni tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ ní agbègbè wa, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé wọn ti pe ẹjọ́ ilẹ̀ rí.

Ní ti ìyá, ẹnu àti orúkọ ló kù. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìwé ikú ni orúkọ Ìyá Àgbà. Yétúndé ni wọ́n. Ìyẹn ni pé obìnrin kan nínú ìran wọn, ìyá bàbá tàbí ìyá ìyá, ti kú ṣáájú 1917, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀. Kò sí rejísírà tó kọ ikú yẹn, ọmọ jòjòló ni wọ́n kọ ọ́ sí lára. Àwọn orúkọ wa mìíràn ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Abíọ́nà, ojú ọ̀nà ni a bí i sí. Àlàbá ń tẹ̀lé Ìdòwú, Ìdòwú sì ń tẹ̀lé ìbejì. Tí ẹ bá rí Àlàbá nínú ilé kan, tí ẹ kò gbúròó Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹ fara balẹ̀, ibojì kéékèèké wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín.

Mo gba iṣẹ́ ìkànìyàn ní oṣù kọkànlá 1991, mo wà ní LASU nígbà náà. Òkòkòmáíkò ni wọ́n fún mi, àwọn ilé tí ìdílé mẹ́wàá ti ń lo ilé ìwẹ̀ kan, Ègùn, Ìlàjẹ, Igbo àti àwa onílé. Ìwé náà kò béèrè ẹ̀sìn, kò béèrè ẹ̀yà, àmọ́ ó béèrè ọjọ́ orí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń dúró. A ní ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí a fi ń bá àwọn arúgbó ṣírò. Bàbá kan ní òun ti ń wẹ̀ lódò nígbà tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan ní 1947. Ìyá kan ní òun gbé oyún àkọ́kọ́ nígbà Ogun Hitler, àmọ́ kò rántí bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ni tàbí ìparí. Mo ṣe bí onítáípù. Mo wo ojú wọn, mo sì kọ nǹkan.

Ẹlòmíràn ló ka ilé tiwa ní Ọ̀jọ́. Àṣìṣe tó ṣe ni pé ó bi Ìyá Àgbà pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Ìyá Àgbà dìde wọlé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá mi ló parí ìwé náà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí mo dé láti Òkòkò, Ìyá Àgbà pè mí sí yàrá. Wọ́n ní, "Ìwé tí ẹ ń kọ kiri yìí, ṣé àwọn tó ti lọ wà nínú ẹ̀?" Mo ní rárá, àwọn tó sùn sílé lálẹ́ àná nìkan ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Mú ìwé tìẹ wá." Ìwé iṣẹ́ LASU mi ló wà nítòsí, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn kò ka ọmọ o, wọ́n ń pè wọ́n ni, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí oúnjẹ ti jinná tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ láti ìta. Èmi náà kò kà wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ má kà wọ́n. Ti àkọ́kọ́ kò ní orúkọ, ọjọ́ kẹfà ló lọ. Wọ́n ní kí n fa ìlà síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Málọmọ́. Kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kòsọ́kọ́: ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Òun náà lọ. Ẹni tó tẹ̀lé e ni Rẹ̀mílẹ́kún, ìyẹn Àǹtí Àgbà wa, tí mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn láti kékeré láì bi ara mi pé ẹkún wo.

Mo gbé ìwé yẹn jáde lẹ́yìn fìdáù, mo sì ṣírò. Ìyá tí a bí ní 1917, tó sin ọmọ lẹ́yìn ọmọ kó tó bí èyí tó dúró. 1938 tó wà nínú ìwé iṣẹ́ Àǹtí Àgbà, tí gbogbo wa fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n gé ọjọ́ orí kù kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín, ẹ ò gbà." Àmọ́ wọn kò gbà kí n fọwọ́ kan 98.

Ohun tó gbẹ̀yìn nínú ojú ìwé yẹn, Ìyá Àgbà ló ní kí n fi kún un. Wọ́n ní, "Ó ku ìyá mi." Wọ́n pe orúkọ wọn, wọ́n pe oríkì wọn, wọ́n ní kí n kà á padà fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." N kò ní tẹ̀ ẹ́ síbí.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ọmọ àbúrò mi tó wà ní London ń fi fóònù to igi ìdílé wa. Mo ya àwòrán ojú ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó pè mí lálẹ́.

"Àńkù, ẹ jọ̀ọ́, ti àkọ́kọ́ yìí, ìlà lẹ fà síbẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì jẹ́ orúkọ.

"Ó ní kí n kọ orúkọ kó tó lè lọ síwájú."

Mo ní kó kọ Ọmọ Tuntun. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó tún ń béèrè ọjọ́ ìbí. Mo ní bóyá 1933, bóyá 1934, ṣáájú Málọmọ́ ni. Ó ní fóònù kò gba bóyá. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ó ti gbà á, Àńkù. Mo fi January 1 sí i."